Àwọn ọmọ iṣẹ́ wa náà ń fẹ́ ẹni tí wọ́n lè sọ tinú wọn fún

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Mẹkáníìkì ni mí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ṣùgbọ́n láti ọdún 1998 ni mo ti wà ní Abuja níbí. Àpò ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, Mararaba ni mò ń sùn. Ọmọ iṣẹ́ mọ́kànlá ni mo ti ṣe fírídọ̀mù fún, mẹ́ta sì wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí, ọmọ ọdún 16, ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Mo ka lẹ́tà yìí sí i létí kí n tó fi ránṣẹ́. Ó ní kò burú, àfi pé kí orúkọ òun má jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ tèmi náà pamọ́, nítorí ẹni tó bá ti mọ̀ mí ní Àpò yóò mọ ọmọ tí mò ń wí.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé ìgbàkígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò nípa àwọn ọ̀dọ́ tó ń lo oògùn olóró, ọmọ ilé ìwé ni wọ́n máa ń wí. Wọ́n á ní kí ìjọba fi àwọn tó ń gba ọmọ nímọ̀ràn sí àwọn ilé ìwé, kí àwọn tíṣà máa ṣọ́ wọn lójú méjèèjì. Mi ò ta kò ó, ọmọ tèmi náà wà nílé ìwé. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ mọ́tò ńkọ́? Àwọn tó wà lọ́dọ̀ wẹ́dà, lọ́dọ̀ fọ́kanáísà, lọ́dọ̀ télọ̀, lọ́dọ̀ kápẹ́ńtà? Wọn ò ní tíṣà. Òbí wọn wà ní Ìkirè, ní Ọ̀ffà, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀gá nìkan ló wà níwájú wọn, ọ̀gá náà gan-an sì ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, nínú oṣù Ọ̀wàrà tó kọjá. À ń sọ gíyà Sienna kan kalẹ̀. Ọmọ náà wà lábẹ́ ọkọ̀, ó fi àyà àti ọwọ́ méjèèjì gbé gíyà náà dúró, èmi ń tú nọ́ọ̀tì tó kù. Mo rí i tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Bàtà rẹ̀ ń lu ilẹ̀ tì-tì-tì. Mo rò pé ó fẹ́ sún mọ́ ẹ̀yìn ni, mo ní kó fara balẹ̀. Kò dáhùn. Sípánà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́run ló ní kí èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi àgbà ráyè gbá gíyà yẹn mú kó tó já lé e lórí. Nígbà tí a fà á jáde, ojú rẹ̀ ti yí sókè, eyín rẹ̀ ti há ahọ́n mọ́, itọ́ tó ń hó lẹ́nu rẹ̀ ti pọ́n fún ẹ̀jẹ̀.

Àwọn èèyàn fẹsẹ̀ fẹ. Wọ́n ń kígbe pé kí n má fọwọ́ kàn án, pé itọ́ rẹ̀ yóò ràn mí. Ẹnì kan sáré mú ṣíbí wá, ó fẹ́ kì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ìyá Hausa kan tó ń ta tuwó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló tì wá sẹ́yìn. Ó yí ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó tú bẹ́líìtì rẹ̀, ó ká aṣọ sábẹ́ orí rẹ̀, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni mo gbọ́ nílé ìwòsàn pé ohun tó yẹ kí á ṣe gan-an ni ìyá náà ṣe, àti pé itọ́ ẹni tí gìrì mú kì í ran ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ka èyí, tí ẹ ní ọmọ iṣẹ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ilé ìwòsàn aládàáni tí a kọ́kọ́ gbé e lọ ní wárápá ni. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n gba owó, wọn ò bi í ní ìbéèrè kan. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀bù ní èpè ni, pé bóyá ìyàwó kejì bàbá rẹ̀ ló wà nídìí ẹ̀. Ìyàwó mi ló rí ìdí ọ̀rọ̀. Ó fẹ́ fọ kákí iṣẹ́ ọmọ náà, ó sì bá ọ̀rá kékeré kan nínú àpò ìdí rẹ̀, pẹ̀lú páálí tó ti ya tí wọ́n kọ 225 sí. Mo mú un lọ bá apòògùn kan tí mo máa ń bá tún ọkọ̀ ṣe. Ó wò ó, ó ní tramadol ni. Ó ní oògùn ìrora ni lóòótọ́, dókítà a máa kọ ọ́ fún aláìsàn, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tó wà nínú èyí ti pọ̀ jù, àti pé tí èèyàn bá lò ó ju bó ṣe yẹ lọ, ó lè mú kí gìrì gbé e bẹ́ẹ̀ yẹn. Ó ní kí n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kò kú.

Mi ò dúpẹ́. Mo délé, mo mú fáàn-bẹ́ẹ̀tì, mo na ọmọ náà. Ọmọ tí gìrì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ó dọ̀bálẹ̀, ó búra pé òun ò ní í fọwọ́ kàn án mọ́ láyé. Ìlérí tí ọmọ ṣe lábẹ́ bẹ́líìtì, ilé tí wọ́n fi itọ́ mọ ni. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí mo tún ká a mọ́ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù fọ́kanáísà, òun àti àwọn ọmọ méjì mìíràn, wọ́n ń fa súlúṣọ̀n tí wọ́n fi ń lẹ táyà símú láti inú ike.

Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ níbi tí à ń ṣiṣẹ́ lè rò pé àwọn ọmọ burúkú ni wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Kí aago méje àárọ̀ tó lù, ẹni tó ń ta párága àti ọtí inú ọ̀rá ti gbé tábìlì rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ọmọ tó jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ní Mararaba kó lè bá bọ́ọ̀sì kó tó di pé ọ̀nà Nyanya dí pa, tí kò tíì jẹun, tí ọyẹ́ sì ń fẹ́, ọ̀rá kan ló máa ń kọ́kọ́ dà sẹ́nu. Ní oṣù Èrèlé 2024, NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, kéde pé àwọn ti ń fi òfin de ọtí inú ọ̀rá. Nígbà tó yá, wọ́n sún un síwájú di ìparí 2025. Títí di àárọ̀ òní tí mò ń kọ̀wé yìí, tábìlì yẹn wà níbẹ̀. Ní 2018 nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Isaac Adéwọlé wà nípò mínísítà ètò ìlera, ìjọba fi òfin de oògùn ikọ́ tó ní kodéìnì nínú, inú gbogbo wa dùn. Lójú tèmi ní Àpò, àwọn ọmọ tó ń mu kodéìnì kò dẹ́kun, wọ́n bọ́ sórí nǹkan mìíràn ni. Àwọn ọmọ Hausa ń pè é ní shaye-shaye, gbogbo rẹ̀ ló wọ inú orúkọ kan yẹn: igbó, tramadol, súlúṣọ̀n, ọtí.

Mo tẹ ìyá ọmọ náà láago. Ó sunkún títí. Ó ní, "Bọ̀dá, ilẹ̀ Hausa yẹn ló bà á jẹ́. Ẹ bá mi dá a padà sílé." Gbogbo wa la máa ń sọ bẹ́ẹ̀, èmi náà ti sọ ọ́ rí nípa ọmọ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ àti àjọ UNODC, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, ṣe, èyí tí wọ́n gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, sọ nǹkan mìíràn. Wọ́n ní èèyàn mílíọ̀nù 14.3 ló lo oògùn olóró ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan, láti ẹni ọdún 15 dé 64. Ibi tó ti pọ̀ jù lọ ni ìwọ̀-oòrùn gúúsù, ilẹ̀ Yorùbá tiwa: nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, ó lé ní 22. Ní àárín gbùngbùn àríwá tí Abuja wà, 10 ni. Ní ìwọ̀-oòrùn àríwá, níbi tí Kano àti Kaduna wà, 12 ni. Mo ṣàlàyé èyí fún ìyá ọmọ náà bí mo ṣe lè ṣe é. Mo ní, "Ìyáa wa, tí mo bá dá a padà, ibi tí oògùn ti pọ̀ ju tibí lọ ni mò ń dá a padà sí. Ta ni yóò sì bá a jókòó níbẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń ti ọjà dé ní aago mẹ́jọ alẹ́?" Kò fèsì.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní òun mọ ibì kan ní àríwá yìí tí wọ́n ti ń tún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe, pé wọn á dè é mọ́lẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, yóò gbàgbé oògùn. Ó sọ ọ́ tinútinú, ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni. Àmọ́ mo rántí Rigasa. Ní oṣù Owewe 2019, ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Rigasa, ní Kaduna, wọ́n bá àwọn ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tó lé ní 300 níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn wà nínú ṣẹkẹṣẹkẹ̀, egbò wà lára wọn. Ẹbí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló fi ọwọ́ ara wọn mú wọn lọ síbẹ̀, torí wọ́n rò pé wọn á fi oògùn olóró sílẹ̀. Èmi tí mo fi fáàn-bẹ́ẹ̀tì na ọmọ ọlọ́mọ, mi ò lè bú àwọn òbí yẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mi ò fẹ́ wà lára wọn.

Oníbàárà mi kan, ìyáàfin tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba, ló sọ fún mi pé kí n gbé e lọ sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú ọpọlọ nílé ìwòsàn ìjọba kan. Ara mi kọ̀ ọ́. Lójú tiwa, ibi tí wọ́n ń gbé wèrè lọ nìyẹn. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ lọ, mo gbé ọkọ̀ sí òpópónà kejì kí ẹnikẹ́ni tó mọ nọ́ńbà ọkọ̀ mi má baà rí i níwájú ibẹ̀.

Dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kí a má sọ pé kó fipá jáwọ́ lójijì fúnra rẹ̀, torí ara tó ti mọ́ oògùn náà yóò jà: àágùn, ìgbẹ́ gbuuru, egungun ríro, àìrí oorun sùn, èyí tó máa ń mú kí wọ́n sáré padà lọ mú un. Ó fún un ní oògùn tí yóò fi gba àwọn ọjọ́ yẹn kọjá. Lẹ́yìn náà ló fà wá lé nọ́ọ̀sì kan lọ́wọ́, ọmọ Kàbà, tó ń fi Ókun bù mọ́ Yorùbá tí a jọ ń sọ. Yàrá kékeré kan ni, àga mẹ́ta, fáànù tí kò ṣiṣẹ́, kàlẹ́ńdà ọdún tó ti kọjá.

Nọ́ọ̀sì náà ní kí n bọ́ síta. Inú bí mi. Èmi tí mo ná owó, tí mo fi iṣẹ́ ọjọ́ kan sílẹ̀! Ó ní, "Bàbá, tí ẹ bá jókòó síbí, ẹ̀yin ni yóò máa bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi." Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo jáde, mo dúró lẹ́bàá fèrèsé. Mo rí wọn, mi ò gbọ́ wọn. Kò sí nǹkan tí mo lè gbọ́ pàápàá, torí kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Ọmọ náà ń fi èékánná ọ̀tún yọ gíríìsì lábẹ́ èékánná òsì. Ìka kan, ìkejì, títí ó fi kan àtàǹpàkò. Nọ́ọ̀sì kò kánjú, kò wo aago, kò tẹ fóònù. Ó jókòó. Nígbà tí ọmọ náà parí ọwọ́ òsì, ó gbé orí sókè, mo rí i tí ẹnu rẹ̀ ń mì.

Kí ó tó di ìgbà yẹn, nọ́ọ̀sì ti sọ nǹkan kan fún un, ọmọ náà ló sọ fún mi nígbà tó yá. Ó ní ohunkóhun tó bá sọ nínú yàrá yẹn, ibẹ̀ ni yóò kú sí. Òun ò ní í sọ fún ọ̀gá, òun ò ní í sọ fún ìyá, òun ò ní í sọ fún ọlọ́pàá. Àfi tí ó bá sọ pé òun fẹ́ pa ara òun tàbí kí òun pa ẹlòmíràn, nígbà náà òun ò ní í dákẹ́. Ọmọ náà ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àgbàlagbà yóò sọ fún òun ohun tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ òun ṣe kó tó ní kí òun sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ tí à ń pè ní ìgbaninímọ̀ràn gan-an, ó ń tàn wá jẹ ni. Tí a bá ti gbọ́ ọ, ohun tó ń wá sí wa lọ́kàn ni pé kí àgbà jókòó kó máa sọ, kí ọmọ kúnlẹ̀ kó máa ní "ẹ ṣeun, sà". Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nọ́ọ̀sì yìí kò fún ọmọ náà ní ìmọ̀ràn kan ṣoṣo. Ìbéèrè ló ń bi í. Ó bi í pé, kí ni dáadáa tí oògùn yìí ń ṣe fún ọ? Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, orí mi gbóná. Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ náà fi dáhùn. Ó ní tí òun bá ti lò ó, ẹ̀yìn kì í dun òun tí òun bá gbé gíyà, òun kì í sì í ronú nípa bàbá òun. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì bi í pé, kí ló wá ń gbà lọ́wọ́ rẹ? Ó ronú pẹ́. Ó ní òun kì í rántí iṣẹ́ tí ọ̀gá kọ́ òun lánàá mọ́.

Bàbá ọmọ náà kú ní oṣù kẹta tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà yẹn. A ní iṣẹ́ ọkọ̀ mẹ́fà nílẹ̀, mo ní kó má wulẹ̀ lọ, pé ọ̀nà jìn, pé wọn á ti sin òkú kó tó débẹ̀. Wọ́n sì ti sin ín lóòótọ́. Mi ò ronú kàn án mọ́ láti ìgbà náà. Òun kò gbàgbé.

Nọ́ọ̀sì fún un ní ìwé eléwé ogójì kan. Ìwé kíkọ rẹ̀ kò já geere, nítorí náà ó ní kó máa fa ìlà: tí ara rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ oògùn náà, kó fa ìlà kan sábẹ́ ọjọ́ náà, tí ó bá lò ó, kó fi òdo yí ìlà náà po. Ọmọ náà ní "tí ó bá ń pè mí", bí ó ṣe ń pe ìfẹ́ oògùn nìyẹn. Ní òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n á jọ wò ó: níbo lo wà nígbà tó pè ọ́? Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ? Kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú? Kí lo lè ṣe tó bá tún pè? Ó fi òpin sí i pé kó máa gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù fọ́kanáísà kọjá. Ó ní kó máa jẹun kó tó kúrò nílé, ìyàwó mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dì búrẹ́dì àti ẹ̀wà fún un. Nǹkan kékeré báyìí ni. Mo tiẹ̀ rò pé yóò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọmọ náà fúnra rẹ̀ mú ìwé náà wá fún mi. Mo ń ṣí i, mo rí i pé ìlà pọ̀ ní ọjọ́ Sátidé, ìyẹn yé mi, ọjọ́ owó ni. Ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ kan wà tí ìlà méje wà lábẹ́ rẹ̀, méjì ní òdo. Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ń wo ilẹ̀. Mo tún bi í. Ó ní, "Ọjọ́ tí ẹ ní bàbá mi kú láìkọ́ mi lọ́gbọ́n, lójú Alájì onísìẹ́nà yẹn, sà."

Mo rántí. Ó fi ọọ́lì gíyà sí ibi tí wọ́n ń da ọọ́lì ẹnjíìnì sí ni. Mo sọ ọ́, mo gbàgbé rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo jókòó sórí táyà kan ní ọjọ́ yẹn, mi ò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ ọdún 16. Àwọn ọ̀gá ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n gbọ́ ọ ní mo ti sọ ara mi di yẹpẹrẹ. Kí wọ́n máa wí.

Ẹ má rò pé ó ti jáwọ́ pátápátá o. Lẹ́yìn ọjọ́ 61 tí kò lo nǹkan kan, ó tún lò ó. Inú bí mi, mo ti ń pa ẹrù rẹ̀ pọ̀. Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, ta ló sọ fún yín pé ó lò ó?" Mo ní òun fúnra rẹ̀ ni. Ó ní, "Ní oṣù Ọ̀wàrà, ìyẹn ò lè ṣẹlẹ̀." Ó ṣàlàyé fún mi pé ó wọ́pọ̀ kí ẹni tó ń jáwọ́ ṣubú lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, pé ẹni tí wọ́n bá lé jáde lọ́jọ́ tó ṣubú kì í sábà padà wá sọ òtítọ́. Mo tú ẹrù náà.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì ń ní kí n máa bá a wá ní gbogbo ìgbà, kí n máa mọ ohun tí yóò ṣe nílé, mo rántí ohun tí bàbá mi máa ń sọ nípa àbúrò rẹ̀ kan tí wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Aró, ní Abẹ́òkúta, kí wọ́n tó bí mi. Ìyá àgbà bá a lọ, ó gba yàrá ní abúlé kan nítòsí ibẹ̀, ó ń se oúnjẹ fún un. Lọ́sàn-án á wà lọ́dọ̀ dókítà, lálẹ́ á padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo ló dá ètò yẹn sílẹ̀ ní 1954, pé kí aláìsàn máa gbé láàárín èèyàn, kí ẹbí rẹ̀ kan wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ló gbé e kalẹ̀ nígbà tí àwọn ará òkè òkun ń ti wèrè mọ́lé. Àwa ọ̀gá la wà nípò ìyá àgbà yẹn fún àwọn ọmọ tí wọ́n fà lé wa lọ́wọ́ ní Abuja, a ò sì mọ̀.

Ohun tí mo wá ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Gbogbo Ọjọ́rú ni mò ń pàdánù iṣẹ́ ọjọ́ kan, mo ní ṣọ́ọ̀bù, mo lè fara dà á. Ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kò bá gbà, kò sí bí yóò ṣe dé yàrá yẹn. Èrò tó ń dúró de nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo yẹn máa ń kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn tó ń ṣètò ìlera ní Abuja àti ní ìpínlẹ̀ Nasarawa, tí Mararaba wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ bá wa rán ẹnì kan wá sí Àpò, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. A ó fún un ní yàrá. Mo ti bá alága ẹ̀ka ẹgbẹ́ mẹkáníìkì wa sọ ọ́, ó ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ kò ní èèyàn nínú láàárọ̀. Kó gbọ́ Hausa, kó gbọ́ Yorùbá, torí ọmọ tó bá fẹ́ sọ pé bàbá òun kú, èdè òyìnbó tó gbọ́ díẹ̀díẹ̀ kọ́ ni yóò fi sọ ọ́.

Àjọ NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, náà ní nọ́ńbà tí èèyàn lè pè lọ́fẹ̀ẹ́ fún irú ìrànlọ́wọ́ yìí: 0800 1020 3040. Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà. Èmi ò mọ̀ pé ó wà títí tí nọ́ọ̀sì fi sọ fún mi, mi ò sì tíì rí i lára ògiri kankan ní àdúgbò wa. Ẹ̀rù tún ń ba àwọn òbí nítorí àjọ yìí kan náà ló ń mú àwọn tó ń ta oògùn, wọ́n rò pé tí wọ́n bá pè, ọkọ̀ ọlọ́pàá ni yóò dé. Kí àjọ náà wá sí ìpàdé wa, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ fún wa pé ẹni tó bá pè láti wá ìtọ́jú fún ọmọ kò dá ẹ̀ṣẹ̀.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó kọjá, àgbà kan dìde, ó ní ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n bá ká oògùn mọ́ lọ́wọ́, kí á lé e lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ pàtẹ́wọ́. Mo bèèrè pé a ó lé e lọ síbo? Kò sẹ́ni tó dáhùn, wọ́n sún ọ̀rọ̀ náà sí ìpàdé tó ń bọ̀. Mo ní mò ń bọ̀ wá sọ ọ́, mo sì fẹ́ kí ẹ ti tẹ lẹ́tà yìí kí ọjọ́ náà tó pé, kí n lè kà á sí wọn létí.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń rán ọmọ sí wa láti ilé, nígbà tí ẹ bá ń bá wa ṣe àdéhùn ọdún mélòó, ẹ sọ ohun tí ojú ọmọ náà ti rí fún wa. Ẹ máa tẹ ọmọ náà gan-an láago, kì í ṣe ọ̀gá nìkan. Tí ẹni tó sún mọ́ ọn bá kú, kí ẹ̀yin náà fọwọ́ líle sọ fún wa pé ó gbọ́dọ̀ wá sílé.

Ọdún Iléyá tó ń bọ̀, èmi àti ọmọ yìí ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní òun fẹ́ rí ibi tí wọ́n sin bàbá òun sí, mo sì ti ṣèlérí pé èmi ni mo máa wakọ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, Ọjọ́rú yìí ni a tún ń padà lọ sí ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Mo ti sọ fún oníbàárà tó fẹ́ gba Corolla rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn pé kó dúró di Ọjọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Mẹkáníìkì kan ní Àpò, Abuja.